Òru Kò Mọ Ẹni Ọ̀wọ̀

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá yìí kò dùn ún gbọ́. Mo fẹ́ bá àwa tí a ń darí ilé Òrìṣà ní òkè òkun jà lórí aago tí a fi ń pe ìpàdé. Ẹni tó jẹ̀bi jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni èmi tí mo ń kọ ọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun ni mo ń bú.

Fún ọdún mẹ́fà, aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀, aago Dallas, ni mo fi ń pe ìpàdé àwọn àgbà ilé wa. Ìdí tí mo fi yan àkókò yẹn kò ṣòro. Àwa tí a wà níhìn-ín ti dé láti ibi iṣẹ́, a ti jẹun, àwọn ọmọ ti fẹ́ lọ sùn. Màá tan kọ̀ǹpútà, màá gbé ife kọfí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, màá ka orúkọ àwọn tó ti wọlé sórí Zoom, inú mi á sì dùn pé olórí tó mọṣẹ́ ni mí. N kò bi ara mi léèrè rí pé aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ Baba wa ní ilẹ̀ Yorùbá.

Aago méjì òru ni. Tí ìgbà òtútù bá dé, aago mẹ́ta òru ni. Ọjọ́bọ̀ tiwa ti di Ọjọ́ Ẹtì tiwọn.

Ní òru ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ ńlá dé iwájú wa. Owó ọdún Ifá tí a fi ránṣẹ́ sílé kò bá ìṣirò mu, ọwọ́ ìyá kan tó jẹ́ olùtọ́jú owó ilé wa ni owó náà sì gbà kọjá. A sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì. Ohùn ń lọ sókè. Nígbà tó yá, mo ní, “Baba, ṣé kí ìyá yìí fi ipò sílẹ̀?” Baba kò fèsì. Mo tún un bi. Baba dákẹ́. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè gbàgbé: “Baba ti gbọ́, Baba ti gbà.” Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. A yọ ìyá náà kúrò nípò.

Ọjọ́ kẹta ni a tó gbọ́ òótọ́. Oorun ló gbé Baba lọ, fóònù sì wà lórí àyà rẹ̀. Owó tí a ń wá ńkọ́? Baba fúnra rẹ̀ ló ní kí ìyá náà fi ra ewúrẹ́ kejì, nítorí ohun tí Ifá béèrè ní ọjọ́ ọdún gan-an. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ni ì bá parí rẹ̀, ká ní a bi Baba nígbà tí ojú rẹ̀ là. Nígbà tí mo pè é láti tọrọ àforíjì, kò bínú. Ó kàn ní, “Ẹ pè mí sí òru, ẹ kò pè mí sí ọ̀rọ̀.”

Ìyá náà kò tíì padà wá sí ilé wa títí di òní.

Yorùbá ní òru kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Tí o bá pàdé ẹnì kan nínú òkùnkùn, o kò rí fìlà rẹ̀, o kò rí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, “Ìwọ ta nì yẹn?” ni wàá ké sí i, ì báà jẹ́ ọba. Ohun tí àwa ń ṣe sí àwọn àgbà wa gan-an nìyẹn. Lójúmọmọ, a ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Lóru, a ń bá wọn lò bí orúkọ kan lásán lójú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, mo sọ ọ́ kedere: ìpàdé tí a pè ní àkókò tí àgbà ń sùn kì í ṣe ìpàdé, ìpinnu tó bá ti inú rẹ̀ jáde kò sì ní àṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo aago fúnra rẹ̀, nítorí a ti fẹ́ sọ ọ́ di ohun tí kò ṣeé bá wí. Aago kò ti ọ̀run rọ̀. Kó tó di 1883, ìlú kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló ń fi oòrùn tirẹ̀ mọ ọ̀sán. Àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè ló pín ilẹ̀ náà sí ẹkùn aago ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, kí àkókò ọkọ̀ ojú irin má baà máa dàrú. Ní Nàìjíríà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló fi aago ibẹ̀ síwájú ti Greenwich ní wákàtí kan ní 1919. Ènìyàn ló ṣètò gbogbo rẹ̀. Ènìyàn náà ló lè yan èyí tí òun yóò tẹ̀lé.

Aago Nàìjíríà kì í yí padà, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀rùn, ìbáà ṣe òjò. Ti Dallas ló ń jó. Láti 2007, òfin Amẹ́ríkà ní kí a ti aago síwájú ní Ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta, kí a sì dá a padà ní Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá. Lọ́ńdọ̀nù náà ń yí tirẹ̀, ṣùgbọ́n Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta àti èyí tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni tiwọn. Brazil ti jáwọ́ nínú rẹ̀ ní 2019. Trinidad kì í ṣe é. Nítorí náà, tí mo bá ní “aago mẹ́jọ wa,” Baba tí kò kúrò lórí ẹní rẹ̀ ni mo ń sún aago ìpàdé kiri fún. Ní oṣù kẹta, fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, Dallas ti yí, Lọ́ńdọ̀nù kò tíì yí. Ará ilé wa tó wà níbẹ̀ á wọlé nígbà tí ọ̀rọ̀ ti dé ìdajì, a ó sì máa wò ó bí apẹ́lẹ́yìn. Ẹni tó ń jó ló yẹ kó máa wo ibi tí òpó wà. Aago Ilé-Ifẹ̀ kì í mira. Ẹ jẹ́ kó di òpó.

Àwọn tó ṣáájú wa mọ ìwà hù ju báyìí lọ. Ní 1981, àwọn olórìṣà láti òkè òkun rìnrìn àjò lọ sí Ilé-Ifẹ̀ fún àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ lórí àṣà Òrìṣà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá wà lára àwọn tó pè é. Ọdún yẹn kan náà ni Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé dé Ẹfúntọ́lá Adéfúnmi ládé, ọmọ Detroit tó tẹ Ọ̀yọ́túnjí dó ní South Carolina ní 1970. Ní 1983, Salvador ní Bahia ni wọ́n ti ṣe àpérò kejì. Ní 1986, New York ni wọ́n ti ṣe ẹ̀kẹta. Ẹ kíyè sí ohun méjì nínú èyí. Àkọ́kọ́, ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ ló rìn lọ síbi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ló ń lọ sódò. Odò kì í dìde lóru láti wá a wá. Èkejì, ìnira ìrìn àjò náà yí ká: ẹni tó gbàlejò lọ́dún yìí di àlejò lọ́dún mìíràn. Íntánẹ́ẹ̀tì ti gba owó ọkọ̀ òfuurufú sílẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n kò lè gba oòrùn kúrò lójú ọ̀run. Ẹnì kan ní láti san nǹkan kí a tó lè jókòó pọ̀. Àwa ti wá ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ pé ẹnì kan náà ló ń san án nígbà gbogbo, ẹni yẹn ló sì dàgbà jù nínú wa.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Owó ni. Àwa là ń san owó Zoom, àwa là ń fi owó dátà ránṣẹ́, àwa là ń san owó páànù tí wọ́n fi kan òrùlé ojúbọ. Ẹni tó ń sanwó ló ń yan aago. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é. Àwa tí à ń pariwo pé a ti kúrò lábẹ́ ẹrú, pé a ti padà sí orísun, a ti sọ àwọn àgbà orísun di òṣìṣẹ́ alẹ́ fún wa. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Dọ́là wa ni aṣọ. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni àkísà.

Mo ti gbọ́ èsì tí àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń fọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní, “Àwọn àgbà kò ráhùn.” Òótọ́ ni, wọn kì í ráhùn. Àgbà tó ń retí owó ọdún lọ́wọ́ rẹ kò ní sọ fún ọ pé oorun ń kun òun. Ìtìjú wà, ọ̀wọ̀ wà, ebi náà sì wà. Ẹni tí o bá fi oyè Òrìṣà kí ní àárọ̀, má dúró kó tó ráhùn kí o tó mọ̀ pé ara rẹ̀ kò gbé e mọ́.

Wọ́n ní, “Àwa náà ń ṣiṣẹ́.” Mo mọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì wà nínú ilé wa, awakọ̀ wà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru wà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta lè jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹlòmíràn fi ń sùn. Ṣùgbọ́n kí ni ẹbọ? Ṣé ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a ti yó ni à ń fi rúbọ? Àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lóṣù kò pọ̀ jù fún ẹni tó ní òun fẹ́ jókòó nínú ìgbìmọ̀. Tí kò bá lè fi í sílẹ̀, kí ó fi àga náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Wọ́n ní, “A ó gba ohùn ìpàdé náà sílẹ̀, kí Baba gbọ́ ọ nígbà tó bá jí.” Ẹni tó gbọ́ ìpinnu lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é kò sí nínú ìpinnu náà, ìròyìn ni wọ́n mú wá fún un. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀yin tí a ti mú wọ igbó, ṣé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ awo máa wà nínú ẹ̀rọ, níbi tí a kò mọ ẹni tó lè ṣí i?

Wọ́n tún ní, “Òru ni awo ń jáde.” Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Ètùtù tí Òrìṣà ní kí a ṣe lóru, ẹ jẹ́ ká ṣe é lóru. Ìṣirò owó àti ọ̀rọ̀ ipò kì í ṣe ètùtù. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀rù aládùúgbò ló kọ́ wa láti máa fara pamọ́ sínú òkùnkùn, ìyẹn náà ti kọjá. Ní 1993, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá àwọn olórìṣà ìlú Hialeah ní Florida láre. Níhìn-ín lọ́dọ̀ wa, ní ìlú Euless tí kò jìnnà sí Dallas, olórìṣà kan tó ń jẹ́ José Merced pe ìlú náà lẹ́jọ́ nítorí wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi ewúrẹ́ rúbọ nínú ilé rẹ̀. Ní 2009, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ dá a láre. Ojúmọ́ ti mọ́ fún wa. Kí ló dé tí a ṣì ń pe àwọn àgbà sí òkùnkùn?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ mi ṣì. N kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá ń gbé ilẹ̀ Yorùbá ló gbọ́n ju gbogbo ẹni tó ń gbé òkè òkun lọ. Àgbà wà ní Bahia, àgbà wà ní Matanzas, àgbà wà ní Trinidad, àwọn kan sì wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń fi orúkọ àgbà jẹun. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n méjèèjì ní láti wà lójúfò kí wọ́n tó lè dá nǹkan kan.

Ọgbọ́n tí a nílò wà nínú àṣà wa tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ìtàdógún, ìpàdé tí àwọn babaláwo àti àwọn Ògbóni ń ṣe. Àwọn baba wa ń ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà wọ́n ń pè é ní mẹ́tàdínlógún. Tí a bá kà á bí ti òyìnbó, ọjọ́ 16 ló wà láàárín ìpàdé kan àti èkejì. Ọ̀sẹ̀ Òrìṣà jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, nítorí náà ìpàdé yẹn kì í yẹ̀ kúrò lórí ọjọ́ Òrìṣà rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje, ó ń fi ọjọ́ méjì sún síwájú: tí ó bá bọ́ sí Ọjọ́ Àbámẹ́ta lónìí, Ọjọ́ Ajé ni èyí tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Ọjọ́rú, lẹ́yìn náà Ọjọ́ Ẹtì, títí yóò fi yí gbogbo ọ̀sẹ̀ ká. Kò sí ẹni tí ọjọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ń bá a jẹ́ nígbà gbogbo. N kò ní kí gbogbo ilé ní Amẹ́ríkà máa ṣe ìtàdógún. Iṣẹ́ oṣù kò ní gbà fún wa. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni mo ń tọ́ka sí: ohun tó ń darí dúró sójú kan, ìnira sì ń yí ká.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí.

Kí a máa fi aago Ilé-Ifẹ̀ kọ ìwé ìpè, pẹ̀lú orúkọ ọjọ́ tó jẹ́ níbẹ̀, kí olúkúlùkù sì ṣírò tirẹ̀. Kí ìpàdé má ṣe bẹ̀rẹ̀ ṣáájú aago méjì ọ̀sán níbẹ̀, kí ó má sì kọjá aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́. Kí a máa pààrọ̀ àkókò méjì. Ìpàdé kan lè jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán ní Ifẹ̀: ní Dallas, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni nígbà ooru, aago mẹ́jọ nígbà òtútù; ní Trinidad, aago mẹ́wàá; ní Bahia, aago mọ́kànlá; ní Lomé, aago méjì ọ̀sán. Èyí tó tẹ̀lé e lè jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́ ní Ifẹ̀, tí yóò jẹ́ aago méjì tàbí aago kan ọ̀sán fún wa níhìn-ín. Ará California ni yóò jí ní kùtùkùtù fún ti àkọ́kọ́, nígbà òtútù pàápàá, aago mẹ́fà ni. Mo bẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀.

Kí a fi àwọn ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú ohùn lórí WhatsApp, nítorí ọ̀pọ̀ àgbà fẹ́ràn kí wọ́n gbọ́ ju kí wọ́n kà lọ. Àwa tí a fi ìwé kọ́ èdè yìí máa ń pẹ́ kí a tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Tí a bá ti múra sílẹ̀, a kò ní máa fi àkókò àgbà wá ọ̀rọ̀ kiri. Ọ̀rọ̀ kékeré, bíi ta ni yóò ra obì, kò nílò ìpàdé. Ọ̀rọ̀ ńlá kò gbọdọ̀ ju méjì lọ nínú ìpàdé kan. Kí gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ìbà, parí ní wákàtí kan ààbọ̀.

Kí ọmọdé kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí àgbà kẹ́yìn. Tí àgbà bá ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ta ni yóò ta kò ó? Tí ó bá kẹ́yìn, gbogbo ohun tí a mọ̀ ni yóò wà níwájú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: kí ìdákẹ́ má ṣe jẹ́ ìgbà mọ́ láéláé. Iná lè lọ, dátà lè tán, oorun lè gbé ènìyàn lọ. Gbogbo wọn ló dà bí ìgbà létí ẹni tó ń kánjú. Kí a pe olúkúlùkù ní orúkọ tàbí ní oyè, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti yíyọ ènìyàn nípò, ti fífi ènìyàn jẹ oyè, tàbí ti owó ńlá, kí ó má ṣe di ìpinnu títí gbogbo àgbà yóò fi fèsì, kí ọjọ́ mẹ́ta sì kọjá lé e lórí. Bí kò bá ṣeé dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìbínú ló ń sọ̀rọ̀.

Yorùbá ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. A pọ̀. Àwọn tó ń jọ́sìn Òrìṣà wà káàkiri ayé, ohun tó sì pín wa kì í ṣe òkun nìkan. Ẹni tó sùn àti ẹni tó jí kò lè rìn pọ̀.

Mo ti kọ lẹ́tà sí ìyá náà. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú rẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ ìyá rẹ̀, n kò sì tíì rí èsì. N kò ní kí ó tètè dáríjì mí. Òun náà ní ẹ̀tọ́ sí àkókò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà síwájú ìgbìmọ̀, kí a lè fi ẹnu tí a fi yọ ọ́ pè é padà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni, aago mẹ́ta ọ̀sán, aago Ilé-Ifẹ̀. Baba ti ní òun yóò ti jẹun, òun yóò sì wà lórí àga.